Ìwé Igbó, Ìwé Ẹranko, Ìwé Ẹyẹ: Èwo Ni Kí Ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Kọ́kọ́ Rà?

Ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ṣàgámù kò jìnnà sí igbó. Igbó ọba Omo wà nítòsí wa, erin ṣì wà nínú rẹ̀, láti 1977 sì ni UNESCO ti kà á mọ́ àwọn igbó tó ń fẹ́ àbójútó pàtàkì. Síbẹ̀, bí èèyàn bá fẹ́ ra ìwé tí yóò jẹ́ kó mọ ohun tójú rẹ̀ ń rí níbẹ̀, kò ní rí ẹyọ kan ṣoṣo tó kó gbogbo rẹ̀ já. Àwọn tó ní àwòrán tó dáa kò ní orúkọ Yorùbá nínú. Èyí tó kún fún orúkọ Yorùbá kò ní àwòrán. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí owó yín má baà lọ sórí èyí tí ẹ kò ní í lò.

Lórí ẹranko, ìwé méjì ni kí ẹ yàn nínú wọn: The Kingdon Field Guide to African Mammals, tí Jonathan Kingdon kọ tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀, àti Primates of West Africa, tí John Oates kọ ní 2011. Ti Kingdon kó gbogbo Áfíríkà pọ̀. Ẹranko tó lé ní 1,100 ló wà nínú ẹ̀dà kejì, ti 2015: ẹtu, ìgalà, òkété, ọ̀yà, ẹkùn, títí kan àdán. Ti Oates kò sọ nǹkan mìíràn ju ọ̀rọ̀ ọ̀bọ, ìnàkí àti àwọn ìbátan wọn lọ, kò sì kọjá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Tó bá jẹ́ Omo gan-an lẹ fẹ́ wọ̀, ti Oates ni mo fara mọ́. Ẹ wo ọ̀bọ méjì péré. Èyí tí wọ́n ń pè ní mona ní àmì funfun méjì ní ìdí, ọ̀kan lápá ọ̀tún ìrù, ọ̀kan lápá òsì. Èyí tí wọ́n ń pè ní white-throated kò ní irú àmì yẹn. Ọ̀fun rẹ̀ ni irun funfun ti kún bí irùngbọ̀n àgbà. Láyé ńbí, kò sí ibi tí a ti ń rí ọ̀bọ kejì yìí nínú igbó ju gúúsù Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò lọ, ó sì wà ní Omo. Bí ọ̀bọ bá fẹyìn sí yín lórí igi gíga, ẹ wo ìdí. Bó bá kọjú sí yín, ẹ wo ọ̀fun. Oates ní àyè láti ṣàlàyé irú nǹkan báyìí dáadáa. Kingdon kò lè ní irú àyè bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo Áfíríkà ló gbé sórí.

Àmọ́ olùkọ́ tó fẹ́ ìwé kan fún kíláàsì, tàbí ẹni tó fẹ́ mọ irú ẹtu tí wọ́n gbé kọ́ fún títà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ọ̀rẹ̀, Kingdon ni kó rà. Ẹ̀dà kékeré rẹ̀ tó ṣeé fi sí àpò tún wà, àlàyé inú rẹ̀ ló kúrú.

Ti ẹyẹ kò le rárá: Birds of Western Africa, ti Nik Borrow àti Ron Demey, ló borí. Orílẹ̀-èdè 23 ló kárí, ẹyẹ inú rẹ̀ sì lé ní 1,200. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni pé orúkọ kan náà ni ìwé méjì ń jẹ́. Èyí tó jáde ní 2001 wúwo gan-an, orí tábìlì ló yẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n kọ field guide sí lára fúyẹ́ ju ìyẹn lọ. 2004 ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n sì tún un ṣe ní 2014. Ti 2014 ni kí ẹ béèrè. Ẹ lè rí A Field Guide to the Birds of West Africa ti Serle àti Morel, ti 1977, ní àlòkù. Kì í ṣe ìwé burúkú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹyẹ inú rẹ̀ ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹyẹ wíwò kò sì lè ṣe kó má nílò àwòrán.

Igi ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ń fẹ́ sùúrù jù. Trees of Nigeria, tí R. W. J. Keay gbé jáde ní 1989, jẹ́ àtúnṣe sí èyí tí òun, Onochie àti Stanfield ti kọ ní 1960 àti 1964. Kò ní àwòrán aláwọ̀. Ìlà ni wọ́n fi ya ewé àti èso. Ìbéèrè ló máa ń bi yín: ṣé ewé méjì-méjì kọjú síra ni, àbí ọ̀kọ̀ọ̀kan? Bí ẹ bá fi àdá ṣá èèpo rẹ̀, àwọ̀ wo ni inú rẹ̀, ṣé ó ń ṣe oje? Ẹ ó máa dáhùn lọ títí ẹ ó fi dé ìdí orúkọ igi náà.

Èyí tó yẹ kó bá a rìn ni Vernacular Names of Nigerian Plants (Yoruba), tí Z. O. Gbile ṣe, tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn sì tẹ̀ jáde ní 1984. Àkójọ orúkọ lásán ni, kò sí ẹwà kankan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló máa so ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá àgbẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé Keay. Bàbá ní ìdígbó ni igi yìí. Ẹ wá ìdígbó nínú Gbile, ẹ rí Terminalia ivorensis, ẹ gba ibẹ̀ lọ sínú Keay. Ẹ kàn fiyè sí i pé orúkọ sáyẹ́ǹsì kan ti yí padà: Chlorophora excelsa ni ìwé àtijọ́ ń pe ìrókò, Milicia excelsa ló ń jẹ́ báyìí. Ẹni tó bá ra ọ̀kan láìra ìkejì nínú méjèèjì yìí kò tíì ra nǹkan tó pé.

Ewé ti Pierre Verger (1995) máa ń wọ ọ̀pọ̀ lójú nítorí orúkọ ewé tó kún inú rẹ̀. Ìwé ńlá ni, oògùn àti ọfọ̀ wà níbẹ̀ lédè Yorùbá pẹ̀lú ìtumọ̀. Eléwé ọmọ àti ẹni tó ń ṣèwádìí ìṣègùn ìbílẹ̀ yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Kì í ṣe ìwé tí ẹ máa gbé wọ igbó láti fi dá igi mọ̀.

Ti ejò, Snakes of Central and Western Africa ti Chippaux àti Jackson (2019) tó.

Àwọn kan á ní Fágúnwà ńkọ́? Igbó Olódùmarè kò ní kọ́ yín ní ẹtu tàbí ìgalà, ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ ó bá níbẹ̀, ó sì yẹ kó wà nílé gbogbo wa. Bó bá jẹ́ ojú tí ọdẹ fi ń wo ẹranko lẹ ń wá, The Content and Form of Yoruba Ijala ti S. A. Babalọlá (1966) ni kí ẹ wá: ìjálá wà níbẹ̀ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, oríkì ẹranko sì wà lára rẹ̀.

Bí owó bá tó ẹyọ kan péré, ìwé ẹyẹ ti 2014 ni mo máa ní kí ẹ rà. Ẹyẹ kò ní kí ẹ dé Omo kí ẹ tó rí òun; àwòdì, lékeléke àti ẹ̀gà wà ní Ìperu àti Ìkẹ́nnẹ́ bí wọ́n ṣe wà lóko. Kí ẹ ní pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ pẹ̀lú, kí ẹ máa kọ orúkọ tí àwọn àgbà ọdẹ bá pè é sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, nítorí ìwé náà kò ní kọ ọ́ fún yín.

Ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí òkè òkun ni wọ́n ti ń wá, iye wọn sì ń tẹ̀lé dọ́là. Torí náà ni fọ́tókọ́pì fi pọ̀. Fọ́tókọ́pì Keay ṣì lè wúlò, nítorí ìlà dúdú ni àwòrán rẹ̀. Ti ìwé ẹyẹ, ẹ má rà á. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí i sí ojú ewé àwọn ẹ̀gà. Lórí ọ̀pẹ kan náà, ẹ ó rí akọ ẹ̀gà tó ní àwọ̀ ìyeyè pẹ̀lú orí dúdú, ẹ ó tún rí irú mìíràn tó dúdú, tí ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, tó kọ́ ìtẹ́ sí àárín wọn. Tí àwọn méjèèjì bá ti di eérú kan náà lórí bébà, tàbí tí ẹni tó ń tà á kò bá gbà kí ẹ ṣí i wò, ẹ fi sílẹ̀ fún un.