Ẹ Ṣọ́ra fún Ọkùnrin Oníkíóòsì Tó Ń Yáni Ní Fíìmù ní Ìwó Road

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ gbà mí o! Tí ẹ bá rí kíóòsì kan ní Ìwó Road tó so páálí fíìmù rọ̀ sára wáyà látòkè délẹ̀, ẹ má yà síbẹ̀. 4,200 náírà ni ọkùnrin ibẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, inú ṣì ń bí mi dòní.

Ìyá mi ló wá kí wa láti Ìsẹ́yìn. Wọn kì í wo fíìmù lórí fóònù, wọ́n ní ó ń ta àwọn lójú. Mo ní kí n yá sídì fún wọn. Ọkùnrin yìí ní 400 náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì fi 3,000 dúró, tí mo bá dá sídì padà, òun á dá owó ìdúró padà. Mo yan mẹ́ta. Babaláwo ló wà lára páálí kìíní, ìyàwó tó ń sunkún ló wà lára ìkejì, ọlọ́pàá pẹ̀lú ìbọn ló wà lára ìkẹta. Orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀!

Lálẹ́ àkọ́kọ́, a fi ti babaláwo sí i. Obìnrin kan ń gbálẹ̀ ojúde, ewúrẹ́ funfun kan tí wọ́n so okùn pupa mọ́ lọ́rùn gba iwájú ẹ̀ kọjá. Kò sí babaláwo kankan nínú fíìmù náà, a ṣáà fara dà á. Lálẹ́ kejì, a fi ti ìyàwó sí i. Obìnrin ń gbálẹ̀. Ewúrẹ́ kọjá. Ìyá mi wò mí, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe ewúrẹ́ àná nìyí?" Ojú tì mí, mi ò lè fèsì. Mo yọ ọ́, mo ki ti ọlọ́pàá bọ̀ ọ́. Ewúrẹ́ yẹn náà ni! Fíìmù kan ṣoṣo, páálí mẹ́ta, owó mẹ́ta!

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ ni. Ọkùnrin náà sọ pé apá kìíní dé ìkẹta ló wà nínú VCD kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé VCD kan ò lè gbà ju nǹkan bí 80 ìṣẹ́jú lọ. Kí ló ṣe mí lọ́jọ́ yẹn? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí mi, tó ń pè mí ní "ẹ̀gbọ́n mi", ṣé kí n máa wò ó bí olè ni? Èmi kọ́ ni mo jalè o!

Nígbà tí mo dá wọn padà, ó ní mo ti ha sídì, òun ò ní dá 3,000 padà. Ha sídì! Sídì tí òun fúnra ẹ̀ lẹ bébà mọ́ lórí! Mo fi èékánná ṣí etí bébà náà níwájú ẹ̀, orúkọ mìíràn tún wà lábẹ́ ẹ̀. Kíá ló já a gbà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sí i fún yín níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ yí sídì wò lẹ́yìn: ojúlówó máa ń dán bíi fàdákà, èyí tí wọ́n dà kọ sábà máa ń ní àwọ̀ ewé, búlúù tàbí àlùkò. Ẹ wá àmì NFVCB, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, lára páálí: G, PG, 12, 15 tàbí 18. Ẹ gba rìsíìtì owó ìdúró. Èmi ò gbà á.

Àwọn tó ń kó fíìmù sínú flash fúnni náà, mi ò gbà wọ́n gbọ́ mọ́. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ìyá mi ti padà sí Ìsẹ́yìn láìrí fíìmù gidi kan wò. Owó mi ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Mo ń padà lọ bá a ní Sátidé. Ẹni tó bá ti kó sí i lọ́wọ́ rí, ẹ jẹ́ ká jọ lọ.