Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú POS ní ṣọ́ọ̀bù mi: ta ni kó san owó ẹ̀rọ?

Gbági, n'Ìbàdàn níbí, ni mo ti ń ta àǹkárá àti léèsì. POS tí mò ń sọ yìí, oṣù kẹjọ rẹ̀ rèé lórí káńtà mi. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ín, torí ìjà wa ò tíì parí.

Ọ̀rọ̀ owó ló kọ́kọ́ kó mi sí wàhálà. Bí oníbàárà bá fi káàdì sanwó, wọ́n á yọ ₦5 nínú ₦1,000 kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ju ₦1,000 lọ bó ti wù kí ọjà pọ̀ tó. Ọwọ́ èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ìlànà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà sì sọ pé a ò gbọdọ̀ bu owó lé ọjà torí pé ẹnì kan fẹ́ lo káàdì. Èmi ò mọ̀ nígbà náà. Mo rí i tí gbogbo ìlà wa lẹ bébà mọ́ ògiri, èmi náà lẹ tèmi: "POS: ₦100."

Ìyá kan wá ra àǹkárá yáàdì mẹ́fà. ₦12,000 ni mo pè é, ó ná an títí a fi bọ́ sí ₦9,500. A jọ ń rẹ́rìn-ín. Ó na káàdì sí mi, mo tẹ ₦9,600. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wò mí.

"Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo rán ẹ pé kí o lọ ra ẹ̀rọ ni?"

Ó gba káàdì rẹ̀, ó fi aṣọ sílẹ̀, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Lálẹ́ ni mo tó ṣírò rẹ̀: ₦47.50 péré ni wọn ì bá yọ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ gba ₦100 lọ́wọ́ ìyá yẹn! Èrè ìkọ̀kọ̀ ni mò ń pè ní owó ẹ̀rọ.

Mo ya bébà náà lọ́jọ́ kejì. Inú iye tí mo ń dá lé aṣọ ni mo ń kó owó ẹ̀rọ sí báyìí. Níbi tí ₦2,500 ti ń fò lọ nínú ìnájà, ta ló máa wá ₦47? Ti ẹni tó ń ta mílíìkì àti Indomie yàtọ̀ o, èrè tiẹ̀ tín-ín-rín, èmi ò lè dá a lẹ́jọ́. Àwọn tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, tí wọ́n ń bá wa fa owó jáde, ìyẹn náà yàtọ̀: owó ni wọ́n ń tà, ṣáàjì ni èrè wọn. Aṣọ lèmi ń tà.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bí iná ò bá sí, bátìrì ò kọjá agogo méjì ọ̀sán. Sátidé kan, obìnrin kan wá ra aṣọ ẹbí ₦180,000. Ẹ̀rọ ní owó ò wọlé, alẹ́ẹ̀tì sì ti dé sórí fóònù rẹ̀ pé wọ́n ti yọ ọ́. Orí bẹ́ńṣì mi ló jókòó sí títí di ìrọ̀lẹ́. Mo pe ilé-iṣẹ́ náà, orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí. Ọjọ́ kẹrin lowó tó padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ti ra aṣọ níbòmíì. ₦900 ni wọn ì bá yọ nínú ọjà yẹn, tayọ̀tayọ̀ ni ǹ bá fi san án.

Mo ṣì ń lo ẹ̀rọ náà, torí ayédèrú alẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, pé owó ti wọlé, ti gba léèsì méjì lọ́wọ́ mi rí. Máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Ìyá yẹn ò tíì padà wá. Mo máa ń rí i tó ń gba iwájú mi kọjá, tá a sì ń kíra wa, bó ṣe ń lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò mi.