Pépà, oògùn tí a ń kán, tàbí mítà: èwo ni kí olùsìn ẹja rà fún wíwọn pH?

Ẹni tó bá ń sin ẹja àrọ̀ yóò bá oríṣi mẹ́ta pàdé ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ ẹja: pépà tó ń yí àwọ̀ padà, oògùn inú ìgò tí a ń kán somi, àti mítà oníbátìrì tó rí bíi báírò. Ìgò ni èmi máa ní kí ẹni tó ní pọ́ńdì kan tàbí méjì kọ́kọ́ rà.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a fẹ́ wọ̀n ná. Lórí òṣùwọ̀n pH, 7 ni àárín. Omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ásíìdì, ìyẹn ni pé ó kan. Èyí tó wà lókè rẹ̀ jẹ́ álíkálì, bíi omi eérú. Ìlọ́po 10 ló wà láàárín nọ́ńbà kan àti èkejì: omi tó wà ní 5 kan ju èyí tó wà ní 7 lọ ní ìlọ́po 100. Ìdí nìyẹn tí irinṣẹ́ tó bá fi nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣìnà fi ti ṣìnà gidi.

Àárín 6.5 sí 8.5 ni ara ti máa ń tu ẹja àrọ̀. Tí omi bá kan jù, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja á máa jò jáde níbi tó fi ń mí. Tí pH bá sì ga jù, amóníà tó ń ti ara ẹja àti àjẹkù oúnjẹ jáde á di olóró: nínú omi 25°C, ní pH 7, èyí tó lóró nínú rẹ̀ kò tó 1 nínú 100, ní pH 9, ó tó nǹkan bíi 36.

Pépà ló wọ́n kéré jù. Lítímọ́ọ̀sì, tó ń pọ́n nínú ásíìdì tó sì ń di búlúù nínú álíkálì, kò lè sọ iye kankan. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Èyí tó ní àwọ̀ 1 sí 14 sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè fi ya 6.5 sọ́tọ̀ sí 7. Pọ́ńdì sìmẹ́ńtì tuntun nìkan ni mo ti rí ìwúlò rẹ̀, torí pH ibẹ̀ lè kọjá 10, ẹnikẹ́ni á sì rí i.

Ti ìgò: ẹ ó bu omi díẹ̀ sínú túùbù, ẹ ó kán oògùn sí i, ẹ ó wá fi àwọ̀ rẹ̀ wé káàdì nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ibi tí àwọn oníbàárà ti ń ṣìnà ni pé ọ̀pọ̀ ìgò kò kọjá 6.0 sí 7.6. Bí pH omi yín bá jẹ́ 8.5, 7.6 náà ni yóò máa fi hàn yín. Ẹ béèrè èkejì tó dé 8.8, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́.

Mítà ló yá jù, kì í sì í tán bíi oògùn. Arnold Beckman, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Amẹ́ríkà, ló ṣe irú rẹ̀ ní Kalifọ́níà ní 1934, torí àwọn tó fẹ́ wọn bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe kan tó. Ṣùgbọ́n 7.43 tó hàn lójú rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé òótọ́ ni. Ẹ gbọ́dọ̀ máa fi omi àtúnṣe 6.86 àti 9.18, ìyẹn omi tí a ti mọ pH rẹ̀ dájú, tọ́ ọ sọ́nà lóòrèkóòrè, kí orí dígí rẹ̀ má sì gbẹ láé. Omi pọtásíọ́mù kíláráìdì la fi ń tọ́jú rẹ̀. Omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ kó tún di omi (distilled water) ń bà á jẹ́. Ẹni tí kò ní sùúrù fún èyí, kó fi owó rẹ̀ sápò.

Àwọn kan á ní mítà yìí kan náà lè fi itọ́ ẹnu sọ bóyá ara yín kan. Ẹ má fi owó lé e. Ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín ló ń di ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mú sí 7.35 sí 7.45, itọ́ kò sì lè jẹ́rìí sí i.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa wọ̀n. Ewé omi ń fa kábọ́nì dáyọ́ksáìdì mu lójú oòrùn, pH á gòkè. Lóru, á tún wálẹ̀. Ẹni tó ní pọ́ńdì púpọ̀ á nílò mítà nítorí èyí. Kó sọ pé kí ọlọ́jà tì í bọ omi 6.86 níwájú òun: bí kò bá fìdí kalẹ̀ nítòsí nọ́ńbà náà láàárín ìṣẹ́jú kan, kó dá a padà fún un.