Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta pírńtà tí kò ṣeé fojú rí!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta páànù àti símẹ́ńtì bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán. Wọ́n ti gba ₦280,000 lọ́wọ́ mi. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ inú tó ń bí mi ju ìtìjú lọ.

Oṣù Kẹta ni ọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ó ní inú kọ̀ǹpútà ni pírńtà òun ń gbé: tí mo bá ní kó tẹ risíìtì, kò ní jáde lórí bébà, PDF, ìyẹn fáìlì tó dà bí ìwé tí wọ́n tẹ̀, ló máa dà, á sì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ síbi tí iná ò lè jó o. Ó ṣe é lójú mi. Ó mú orúkọ kọ́ńpìnnì rẹ̀ láàárín àwọn pírńtà, fáìlì sì jáde. Ta ni ò ní gbà? Ẹ má bú mi o.

Mo san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà! Fún ẹni tí mi ò mọlé ẹ̀! Ìyàwó àbúrò mi ní kí n san ìdajì ná, mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ méjì fi ọjọ́ mẹ́ta ya fọ́tò àwọn ìwé risíìtì wa látọdún 2021, wọ́n ní àwọn ti kó o wọlé tán, kí n palẹ̀ bébà mọ́. Páálí mẹ́rin. Mo kó o fún ìyá ẹlẹ́pà.

Lóṣù Kẹwàá, háàdì díìsìkì kọ̀ǹpútà bàjẹ́. Ọkàn mi balẹ̀, mo ṣáà ní ẹ̀dà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo pe ọkùnrin náà, nọ́ńbà ò lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá ṣí Printer properties, ibi tí àlàyé pírńtà wà, lórí kọ̀ǹpútà wa kejì, ó ní, "Àǹtí, ẹ wá wò ó." Níbi tí wọ́n kọ Driver sí, ìyẹn ètò tó ń mú pírńtà ṣiṣẹ́, Microsoft Print To PDF ló wà níbẹ̀. Èyí tó ń bá Windows 10 wá lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2015! Orúkọ ẹ̀ nìkan ló yí padà! Abájọ tó fi máa ń bi wá pé níbo la fẹ́ tọ́jú fáìlì sí. Inú Documents la ń kó gbogbo ẹ̀ sí. Ẹyọ kan ò kúrò nínú kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ yẹn rí. ₦280,000, nítorí orúkọ tó pààrọ̀!

Mo sáré lọ bá ìyá ẹlẹ́pà. Ewé mọ́kànlá ló kù, epo ti rin ín.

Òfin CAMA 2020, ìyẹn òfin kọ́ńpìnnì ní Nàìjíríà, ní kí kọ́ńpìnnì tọ́jú ìwé ìṣirò owó fún ọdún 6. Kí ni màá fi han àwọn tó ń gba owó orí? Àwọn kan á ní ojúkòkòrò ni. Irọ́ ni! Ètò ni mo fẹ́ ṣe. Àmọ́ èmi náà ló yẹ kí n béèrè.

Ẹ wo Driver kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ ní kó tẹ ìwé kan, ẹ pa kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ fi fóònù yín wá a. Ẹ má da bébà nù. PDF/A, irú PDF tí wọ́n ṣe fún ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́, ni kẹ́ ẹ fi tọ́jú ohun tó máa pẹ́; LibreOffice, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ̀wé, ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní tèmi, mi ò gba ẹnì kankan tó ń gbé láptọ́ọ̀pù kiri ọjà gbọ́ mọ́. Ọkùnrin tó gbowó mi yìí ga, "Mọ́mì wa" ló máa ń pe èèyàn. Tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ má jẹ́ kó jókòó.