Ilé Ẹ̀gbẹ́ Pápá Gọ́ọ̀fù Tàbí Ilé Àárín Àdúgbò?

Ní Amẹ́ríkà, kò sí ìpínlẹ̀ tí pápá gọ́ọ̀fù rẹ̀ pọ̀ tó ti Florida. Ẹni tó bá ń wá ilé rà níbẹ̀ kò ní pẹ́ bá ìbéèrè yìí pàdé.

Ẹwà ni ilé ẹ̀gbẹ́ pápá fi ń fa ojú ènìyàn. Koríko tútù ni ẹ ó máa wò láti ojú fèrèsé, kò sì sí ilé ẹlòmíràn lẹ́yìnkùlé yín. Ní àárín àdúgbò, ògiri aládùúgbò ni.

Bọ́ọ̀lù wá ńkọ́? Kò ju gíráàmù 46 lọ, àmọ́ ó le bí òkúta, ó sì lè fọ́ gíláàsì ilé tàbí ti mọ́tò. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbá a, bọ́ọ̀lù ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gbá sì sábà máa ń yà sí ọ̀tún. Nítorí náà, ilé apá ọ̀tún, ní nǹkan bíi 200 mítà sí ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ló ń jìyà jù. Ilé tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ yìí sàn gan-an, torí bọ́ọ̀lù ń sá fún un ni. Ẹ lọ dúró nídìí ilé tí ẹ fẹ́ rà láàárọ̀ Sátidé kí ẹ tó sanwó!

Ẹ̀rọ agékoríko lè bẹ̀rẹ̀ ariwo kí ilẹ̀ tó mọ́. Owó ẹgbẹ́ onílé, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin fún àwọn ilé àdúgbò, tún wà níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn kì í sì í gbà kí ènìyàn mọ odi yí ilé rẹ̀ ká.

Ní tèmi, bí ọmọ wẹ́wẹ́ bá wà nílé, àárín àdúgbò ni mo fara mọ́, kí wọ́n lè ṣeré lẹ́yìnkùlé láìsí ìbẹ̀rù.