Ìbọn sítépù tí kò bèèrè iná

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fi ìbọn sítépù kan ṣoṣo, irinṣẹ́ tí a fi ń yin píìnì mọ́gi, ṣe àga ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Arrow T50 ni orúkọ rẹ̀. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, ó sì wúwo díẹ̀. Ti oníná wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jókòó máa retí iná kó tó kan fóòmù mọ́gi?

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, olówó pọ́ọ́kú, kò lò tó oṣù méjì tí sípíríǹgì rẹ̀ fi rọ. Píìnì á há sí i lẹ́nu, n ó máa fi ìṣó yọ ọ́, oníbàárà á sì dúró tì mí, á máa wò mí bí ọ̀lẹ.

Igi gan-an ni kí ẹ wò kí ẹ tó ra píìnì. Nínú arère, píìnì tó gùn ní mílímítà 10 ń wọlé wọ̀ọ̀. Ìrókò ò gba gbẹ̀rẹ́: mílímítà 6 ni mo ń lò fún un, síbẹ̀ mo ṣì ń fi òòlù gbá àwọn tó bá yọrí mọ́lẹ̀. Lẹ́dà tó nípọn, mílímítà 12. Píìnì T50 nìkan ló ń jẹ o. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà ta píìnì JT21 fún yín, ìyẹn tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ó le í tẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi fẹ́ fi kan nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ fèrèsé, ọwọ́ méjèèjì ló fi tẹ̀ ẹ́, ló bá pè mí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò ní ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó.