QEMU, Bochs, VirtualBox àbí UTM: Èwo ló bá iṣẹ́ yín mu kí ẹ tó náwó lé kọ̀ǹpútà kejì?

Ọmọkùnrin kan tí mo ń kọ́ ní kọ̀ǹpútà wá bá mi nílé ní Kubwa lọ́jọ́ Sátidé. Gwagwalada ló ti wá, owó wà lápò rẹ̀, Banex, ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù àti kọ̀ǹpútà ní Wuse 2, ló sì ń lọ. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ká kọ ètò tó máa ṣiṣẹ́ lórí processor ARM, Intel sì ni tèmi. Ṣé kí n ra Raspberry Pi ni, àbí MacBook tòkunbọ̀?" Processor ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, Raspberry Pi sì ni kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń lo ARM. Mo ní kó jókòó ná. Ohun tó fẹ́ lọ fowó rà wà lọ́fẹ̀ẹ́, laptop tó gbé kọ́ èjìká sì lágbára tó láti ṣe é.

Irú ìbéèrè yìí pọ̀ lọ́dọ̀ àwa tí à ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Abuja, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó ti náwó tán kó tó béèrè. Àwọn ètò tí mo fẹ́ fi wéra yìí, QEMU, Bochs, VirtualBox àti UTM, ń jẹ́ kí ẹ lo kọ̀ǹpútà mìíràn nínú laptop yín. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba dátà, wọ́n ń gba RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́), wọ́n ń gba iná, wọ́n sì ń gba àkókò. Ẹni tó bá mú èyí tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu lè rò pé laptop òun ni kò dára, kó sì lọ ra òmíràn.

Ta ló ń túmọ̀, ta ni kì í túmọ̀?

Processor kọ̀ọ̀kan ló ní èdè tirẹ̀. Intel àti AMD ń sọ èdè kan náà, x86 ni wọ́n ń pè é. ARM, tó wà nínú fóònù ọwọ́ wa àti nínú MacBook tó ń jáde láti ìparí ọdún 2020, ń sọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni MIPS, PowerPC, àti RISC-V tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Berkeley ní 2010. Ètò tí wọ́n kọ ní èdè ọ̀kan kò lè yé èkejì, àfi kí ògbufọ̀ wà láàárín. Ẹni tó bá ti ná ọjà ní Nyanya tàbí Wuse tí kò gbọ́ Hausa mọ bí ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ ṣe rí.

Bochs ni ògbufọ̀ tó ń gbọ́ gbólóhùn kan, tó ń ṣe é, kó tó gbọ́ èkejì. Kì í kánjú. QEMU máa ń gba ìpínrọ̀ kékeré kan lẹ́ẹ̀kan náà, á túmọ̀ rẹ̀ sí èdè processor yín, á sì tọ́jú ohun tó túmọ̀ yẹn. Tí ìpínrọ̀ náà bá tún jáde, èyí tó ti tọ́jú ló máa lò. Apá tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú QEMU ni wọ́n ń pè ní TCG, òun ló sì jẹ́ kó yá ju Bochs lọ dáadáa.

VirtualBox ní tirẹ̀ kì í túmọ̀ nǹkan kan. Yàrá ló ń yọ fún àlejò (ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ gbé wọlé) nínú ilé yín (ìyẹn laptop yín), àlejò náà sì gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ilé. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á fi VirtualBox sórí laptop Intel, wọ́n á máa wá bí wọ́n ṣe máa gbé Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows) ti ARM sínú rẹ̀. Kò lè ṣeé ṣe. Kì í ṣe àṣìṣe wọn nínú ètò, ògbufọ̀ ni kò sí níbẹ̀.

QEMU

Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó tún dá FFmpeg, ètò fún fídíò àti ohùn, sílẹ̀, ló gbé QEMU jáde ní 2003. Nínú gbogbo àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, kò sí èyí tó gbọ́ èdè tó o: x86, ARM, MIPS, PowerPC, RISC-V, SPARC, títí dé s390x tí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá IBM ń sọ. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, Windows àti Mac. Bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, òun ni mo máa mú.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, QEMU náà ní ọ̀nà méjì, ẹni tó bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn ti fi àkókò púpọ̀ pamọ́. Ọ̀nà kìíní ni kí ẹ jẹ́ kó ṣe bí odidi kọ̀ǹpútà mìíràn, pẹ̀lú RAM rẹ̀ àti díìsìkì rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kó kàn túmọ̀ ètò kan ṣoṣo, kí Linux tó wà lórí laptop yín máa ṣe ìyókù. Ọ̀nà kejì yìí kò sí fún àwọn tó ń lo Windows gbọin-gbọin, àfi kí wọ́n wá Linux, ṣùgbọ́n òun ló fúyẹ́ jù.

Òun ni mo fi han ọmọkùnrin yẹn. A kọ ètò ìlà márùn-ún ní èdè C, a pè é ní kaabo.c. A fi gcc-aarch64-linux-gnu, tó ń sọ ètò C di èdè ARM, sórí Ubuntu rẹ̀ (irú Linux kan), a sì tẹ aarch64-linux-gnu-gcc -static kaabo.c -o kaabo. Mo ní kó gbìyànjú kó pe ètò náà bẹ́ẹ̀ lásán. Ó tẹ ./kaabo, laptop dá a lóhùn pé Exec format error, ìyẹn ni pé èdè yìí kò yé òun. Lẹ́yìn náà la fi qemu-user, ìyẹn ọ̀nà kejì QEMU, sí i. Ó tẹ qemu-aarch64 ./kaabo, "Ẹ káàbọ̀ sí Gwagwalada" sì jáde lójú ẹsẹ̀. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó fẹ́ torí rẹ̀ ra MacBook nìyẹn, dátà tó sì ná wa kò tó fíìmù kan.

Odidi kọ̀ǹpútà wúwo ju èyí lọ. Mo fi Debian (irú Linux mìíràn) ti ARM sínú QEMU lórí Core i5 ìran kẹfà tèmi rí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù kó tó parí. Fáànù laptop kò dákẹ́ rárá, bátìrì sì ń lọ bí omi. Ẹ má ṣe fìyẹn bínú sí i, iṣẹ́ ìtumọ̀ ló ń ṣe láìsinmi. Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ fi -accel kvm kún àṣẹ náà kó lè yá. Òótọ́ ni pé KVM, apá Linux tó ń jẹ́ kí processor fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àlejò, ń mú QEMU yára gan-an, ṣùgbọ́n ìgbà tí àlejò bá gbọ́ èdè ilé nìkan ni. Tí ẹ bá ń gbé ARM sórí Intel, KVM kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Ẹni tó bá fi -nographic (láìsí fèrèsé) bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí kò wá mọ bó ṣe máa jáde, kó tẹ Ctrl-A, kó fi X tẹ̀ lé e. Tí iná bá lọ tí bátìrì sì ti ń tán, Ctrl-A àti C á gbé yín dé ibi tí ẹ ti lè tẹ savevm, ohun gbogbo á sì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé qcow2, irú fáìlì díìsìkì kan ti QEMU, ni díìsìkì yín o. Irú díìsìkì yìí náà ló dára fún ẹni tí àyè rẹ̀ kò pọ̀: ẹ lè pè é ní 20G, síbẹ̀ ìwọ̀n ohun tí ẹ bá kó sínú rẹ̀ ló máa gbà.

Bochs

Kevin Lawton ló kọ Bochs, ó sì ń tà á ní dọ́là 25 tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2000 ni ilé iṣẹ́ Mandrakesoft rà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. x86 nìkan ló gbọ́, nítorí náà kò wúlò fún ẹni tó ń wá ARM. Ó lọ́ra. Síbẹ̀, tí ẹ bá ń kọ ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, n kò mọ ibi tó dára jù ú lọ láti kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kọ àṣẹ xchg bx, bx síbi tí ẹ fẹ́ kó dúró, ẹ tan irú ìdúró yẹn nínú fáìlì ètò Bochs, á sì dúró gẹ́lẹ́ níbẹ̀, kí ẹ wo ohun tó wà nínú processor lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlọ́ra rẹ̀ yẹn gan-an ló wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́.

VirtualBox

Ilé iṣẹ́ Innotek ti ilẹ̀ Jámánì ló gbé e jáde ní 2007, Sun rà wọ́n ní 2008, Oracle sì gba Sun ní 2010. Fún ẹni tó fẹ́ lo Linux lórí Windows rẹ̀, tí méjèèjì jẹ́ x86, òun ló rọrùn jù: ojú ìwòye rẹ̀ yéni, bọ́tìnnì ló pọ̀ níbẹ̀ ju àṣẹ títẹ̀ lọ, ó sì ń fi ipò àlejò pamọ́ tí iná bá fẹ́ lọ. Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ti ọ́fíìsì ṣọ́ra fún Extension Pack. Ètò gan-an jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n àfikún yìí ọ̀fẹ́ ni fún ìlò ara ẹni àti ẹ̀kọ́. Ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. HP tòkunbọ̀ kan ni mo rà, VirtualBox kọ̀ láti ṣí àlejò, ó ń pariwo VT-x, agbára inú processor Intel tó nílò. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnṣe, ó ní processor inú rẹ̀ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n fowó lé e kí òun pàrọ̀ laptop fún mi. Díẹ̀ ló kù kí n sanwó. Àbúrò ìyàwó mi ló tan ẹ̀rọ náà, tó tẹ F10, tó wọ BIOS (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dìde), tó sì rí i pé wọ́n kàn pa Virtualization Technology síbẹ̀ ni. Ó tàn án. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó ìṣẹ́jú méjì. Ó ṣì ń dùn mí pé ẹni tí kò ní irú àbúrò bẹ́ẹ̀ á ti náwó dànù.

Tí Mac ni tiyín

MacBook tuntun ti ń sọ èdè ARM, nítorí náà ọ̀rọ̀ yí padà sí òdìkejì. UTM ni kí ẹ wò. QEMU ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kàn fi aṣọ tó dára wọ̀ ọ́ ni. Dọ́là 9.99 ni wọ́n ń tà á nínú App Store, ọ̀fẹ́ sì ni tí ẹ bá gbà á lórí ìkànnì tiwọn, ohun kan náà ni méjèèjì. Windows ti ARM á yá lórí rẹ̀ nítorí kò sí ìtumọ̀ kankan. Windows ti x86 á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n á máa wọ́. VirtualBox náà ti dé orí Mac wọ̀nyí láti ẹ̀dà 7.1 tó jáde ní 2024, àlejò ARM nìkan ló sì ń gbà.

Àwọn kéékèèké tí mi ò ní pẹ́ lórí wọn: bí olùkọ́ yín bá ní kí ẹ kọ MIPS nìkan, fáìlì Java kan ṣoṣo ni MARS, ó tó yín, RARS ni ẹgbẹ́ rẹ̀ fún RISC-V. Eré ìgbà DOS, DOSBox. Ẹni tó ti ní Raspberry Pi tó fẹ́ lo ètò Linux ti x86 lórí rẹ̀, Box64.

Kí ẹ tó sanwó ní Banex

Ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n tan laptop. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ wọ Performance, ẹ tẹ CPU, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Virtualization sí. Tó bá jẹ́ Enabled, ó dára. Tó bá jẹ́ Disabled, ẹ ní kí wọ́n tàn án nínú BIOS lójú yín. Ẹ béèrè bóyá RAM rẹ̀ ṣeé fi kún, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n jó RAM mọ́ pátákó. 8GB ni mo máa ń sọ pé kó kéré jù, kó sì jẹ́ SSD (díìsìkì tó yára). Ẹ má ṣe gbà pé RAM á mú ìtumọ̀ yá, agbára processor ló ń ṣèyẹn. RAM ló ń jẹ́ kí ilé àti àlejò rí àyè mí.

Ẹni tó fẹ́ so gílóòbù kékeré mọ́ ọn, kó máa tàn kó máa kú, tàbí kó fi wọ̀n ooru yàrá, kó lọ ra Raspberry Pi rẹ̀ láìbẹ̀rù. QEMU mọ bí raspi3b (Raspberry Pi 3B) ṣe rí, ṣùgbọ́n kò ní ẹsẹ̀ tí ẹ lè so wáyà mọ́. Ọmọkùnrin tèmi kò nílò ìyẹn. RAM 8GB kan àti SSD ló rà, ó sì kó ìyókù owó rẹ̀ padà sí Gwagwalada. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló pè mí pé òun ti ń fa Debian sílẹ̀, nítorí dátà òru ló dínwó jù.